Ọ̀rọ̀ Wáyà àti Lẹ́ẹ̀dì: Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Ṣe Pátákó Ìtẹ̀wé

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti abúlé Akínyẹlé wá, àwọn kan ti Lágelú, àwọn kan ti Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Oko ni ọ̀pọ̀ yín ti ń bọ̀. Nítorí náà a kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. A fẹ́ sọ bí a ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ra, àti bí ènìyàn ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pátákó tí a fi ń tẹ ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ó ní, kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi pátákó ìtẹ̀wé ṣe? Ẹ fara balẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Àwọn àgbà inú yín rántí asọ̀rọ̀mágbèsì. Àpótí kékeré ni, ara ògiri ni wọ́n ń gbé e kọ́, wáyà ló sì so ó mọ́ ilé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ti ń wá. Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1935, kí ó tó dé Ìbàdàn. Bí wáyà bá já níbì kan, àpótí yóò dákẹ́. Ara àpótí lè má ní àrùn kankan. Ibi tí wáyà ti so mọ́ra ló tú. Títí di òní, bí rédíò tàbí tọ́ọ̀ṣì bá dákẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ojú ìjó kan ló tú nínú rẹ̀. Ohun tí kò tó hóró àgbàdo ni, òun ni ẹ sì ń sanwó lé lórí fún ẹni tó ń tún un ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a dé orí pátákó ìtẹ̀wé.

Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, olùkọ́ yín tẹnu mọ́ àmì. Ẹ ti mọ̀ báyìí pé *oko* yàtọ̀ sí *ọkọ*, *ọkọ* yàtọ̀ sí *ọkọ́*, *ọkọ́* sì yàtọ̀ sí *ọkọ̀*. Ẹ wá mú ìwé tí ẹ fi ọwọ́ kọ dáadáa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé fún ará ìlú, ní Moníyà tàbí ní Ìyànà Ọ̀fà. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín báyìí: "Oko mi baje." Kí ló bàjẹ́? Ṣé oko tí ẹ gbin ẹ̀gẹ́ sí ni? Ṣé ọkọ̀ tí ẹ fi ń kó o lọ sọ́jà ni? Ṣé ọkọ́ ló kán? Àbí ìyàwó kan ló ń fẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sùn pé ó ti ń mu ẹmu jù? Ẹni tó gba ìwé náà kò lè mọ̀.

Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe pátákó tí wọ́n tà fún un fún. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther kọ jáde. Ní ọdún 1875, àwọn oníwàásù ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀. Láti ayé ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ẹ, ọ àti ṣ ní láti yàtọ̀ sí e, o àti s. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, púpọ̀ nínú wọn kò ní lẹ́tà wọ̀nyí. Akọ̀wé a tẹ̀ ẹ́ tán, a tún mú bírò, a máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ń kánjú kò ní fi sí i rárá.

Àwọn ọmọ wa kan ti ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ọ̀kan nínú wọn ni Ade Oyegbola tó wà ní Amẹ́ríkà, tó ṣe pátákó kan tí ó pè ní Konyin fún àwọn èdè ilẹ̀ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà, èyí tí a fẹ́ fi hàn yín: kí ènìyàn rọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, bí alágbẹ̀dẹ ti ń rọ ọkọ́ tó bá ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó mu.

Ẹ wo bí inú rẹ̀ ti rí. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni bọ́tìnnì kan wà. Bọ́tìnnì náà ní ẹsẹ̀ irin méjì. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì kò kan ara wọn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n kan ara wọn, iná sì kọjá. Bọ́tìnnì tọ́ọ̀ṣì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí, ọpọlọ kan wà níbẹ̀. Ọpọlọ ni a wí o, a kò wí ọ̀pọ̀lọ́; ẹ ò rí i pé àmì ṣe pàtàkì! Ọpọlọ yìí jẹ́ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mọ bọ́tìnnì tí a tẹ̀, kí ó sì sọ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àwọn ihò tí a ń so wáyà mọ́. Irú kan wà tí à ń pè ní Pro Micro, ihò 18 ló ní tí a lè lò fún iṣẹ́ yìí. Irú mìíràn ni Pico, tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2021. Ihò tirẹ̀ jẹ́ 26.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ́ ìṣírò, ẹ gbọ́. Bí pátákó bá ní bọ́tìnnì 60, tí a sì fẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, wáyà 60 ni a ó fi wọ inú ihò 18. Kò lè gbà. Kí ni a ó ṣe?

Bí a ti ń to ẹbè ni a ó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ kọ ẹbè 60, ìlà 5, tí ẹbè 12 wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rán ọmọ lọ wú iṣu kan, ẹ kò ní fún ẹbè kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ẹ ó ní, "Lọ sí ìlà kẹta, ka ẹbè dé ìkeje." Ọmọ yóò débẹ̀, kò ní ṣì í. Bákan náà ni bọ́tìnnì. A ó fa wáyà kan gba abẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí jẹ́ 5. A ó tún fa wáyà kan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, gba gbogbo àwọn bọ́tìnnì tó wà ní òpó kan náà, èyí jẹ́ 12. Ẹ ro ó pọ̀: wáyà 17. Ihò 18 gbà á, ó tún ku ọ̀kan.

Báwo ni ọpọlọ ṣe ń mọ èyí tí a tẹ̀? Ó máa ń rán iná díẹ̀ sí òpó kìíní, yóò wá bi ìlà márààrún léèrè pé, "Ta ló gbọ́?" Bí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ bọ́tìnnì, kò sí ìlà tí yóò dáhùn. Yóò bọ́ sí òpó kejì, yóò bi wọ́n bẹ́ẹ̀, títí dé ìkejìlá, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ìlà kẹta bá dáhùn nígbà tó wà ní òpó keje, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti yí gbogbo oko náà ká lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í rẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ọkàn sí i, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ti í yé. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní igun mẹ́ta bí igun yàrá, iná lè gba ẹ̀yìn padà. Yóò ti òpó kejì wọ ìlà kìíní, yóò yí padà gba bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gun òpó kìíní, láti ibẹ̀ yóò bọ́ sí ìlà kejì. Ọpọlọ yóò rò pé a tẹ bọ́tìnnì tó wà ní igun kẹrin, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́tà tí a kò pè yóò jáde bí iwin.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ odò, ẹ mọ ìgèrè. Ẹja lè wọlé, kò lè jáde. Ìgèrè iná wà pẹ̀lú, dáyóòdù ni wọ́n ń pè é. Èyí tí à ń lò fún iṣẹ́ yìí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, gíláàsì ni ara rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 1N4148. Iná lè gba inú rẹ̀ lọ, kò lè gba ibẹ̀ padà. Ẹ ó rí ìlà dúdú kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Ìlà dúdú yẹn ni ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ọ̀kan ni a ó fi sí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan: ẹsẹ̀ bọ́tìnnì kan yóò lọ sí wáyà òpó, ẹsẹ̀ kejì yóò lọ sí dáyóòdù, dáyóòdù yóò sì lọ sí wáyà ìlà. Apá tó ní ìlà dúdú ni kí ó kọjú sí wáyà ìlà, ní gbogbo 60. Èyí tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, bọ́tìnnì rẹ̀ yóò yadi.

Ó kù kí a jó wọn pọ̀. Ibí ni iṣẹ́ wà.

Ohun tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè ní lẹ́ẹ̀dì, òjé àti tánganran ni wọ́n pò pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ mọ òjé. Òun ni àwọn olórìṣà fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Bí wọ́n bá fi tánganran 63 pò mọ́ òjé 37 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò yọ́ bí iná bá dé ìwọ̀n 183 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Omi tó ń hó jẹ́ 100, ẹ ò rí i pé kò jìnnà púpọ̀ sí i. Irú kan tún wà tí kò ní òjé nínú. Ìyẹn kò ní yọ́ títí yóò fi tó nǹkan bí 220 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣòro lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn fún ara.

Ní ayé àtijọ́, àwọn tó ń lẹ fìtílà àti gáláàsì tó jò máa ń ki irin olórí bàbà bọ inú ẹyin iná. Ó dára fún agolo. Fún iṣẹ́ kékeré bí èyí, irin tó ń lo iná mànàmáná ni kí ẹ lò. Ẹ ṣọ́ra fún un o: iná tó wọ inú irin yẹn láti ara ògiri jẹ́ fólìtì 230, ó lè pa ènìyàn. Èyí tó ń bẹ nínú pátákó ìtẹ̀wé kò ju 5 lọ. Ìyẹn kò lè ṣe yín ní nǹkan kan. Bí rọ́bà ara wáyà irin náà bá ti là, ẹ má fi sí iná.

Nígbà tí irin bá gbóná, ẹ nu ẹnu rẹ̀ lára kànìnkànìn tútù, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kàn án kí ó máa dán. Irin tí ẹnu rẹ̀ dúdú kì í gbé iná jáde dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹnu irin kan ẹsẹ̀ bọ́tìnnì àti wáyà pọ̀, kí àwọn méjèèjì gbóná. Ẹ ka ení, èjì. Ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì kan ibi tí ẹ fẹ́ jó. Ẹ má fi kan ẹnu irin. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ni yóò yọ́ lẹ́ẹ̀dì sórí irin, tí yóò wá máa kán an sílẹ̀ bí ẹni ń kán òróró sínú àkàrà. Lẹ́ẹ̀dì tó bọ́ sórí irin tútù kò ní mú un. Yóò kàn jókòó sórí rẹ̀ ni. Bí wáyà bá gbóná, lẹ́ẹ̀dì yóò sáré yí i ká fúnra rẹ̀ bí omi ti ń wọ ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ mú lẹ́ẹ̀dì kúrò, ẹ mú irin kúrò, kí ẹ má mì wáyà títí yóò fi le. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ. Bí ẹ bá pẹ́ jù, rọ́bà bọ́tìnnì yóò yọ́.

Ojú ìjó tó dára máa ń dán, ó sì tẹ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ bí òkè ẹbè. Bí ó bá rí róbótó bí ìdodo ọmọ, tí kò dán, kò mú. Ẹ tún un jó.

Wáyà tó ń lọ lórí ìlà lè jẹ́ ìhòòhò. Èyí tó ń lọ lórí òpó gbọ́dọ̀ wọ rọ́bà, nítorí yóò gba orí wáyà ìlà kọjá. Bí irin méjì bá kan ara wọn níbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ibi tí yóò ti kan ẹsẹ̀ bọ́tìnnì nìkan ni kí ẹ ti bó rọ́bà rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí ni kí ẹ tó fa wáyà 17 náà lọ sí ihò ọpọlọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pé ìlà kìíní lọ sí ihò báyìí, òpó kìíní lọ sí ihò báyìí. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ ìwé kíkọ. Ẹni tó fi orí mú un yóò gbàgbé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ka ojú ìjó. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta: ti òpó, ti dáyóòdù, ti ìlà. Mẹ́ta lọ́nà 60 jẹ́ 180. Wáyà 17 ní ojú méjì méjì, èyí jẹ́ 34. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 214. Ọmọ tó bá jó ojú 214 tí gbogbo rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ ti lè dé inú rédíò àti inú ẹ̀rọ tó ń gba iná oòrùn. Òun ni a ṣe sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí kan àgbẹ̀. Àwọn ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ títún fóònù ṣe ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ọdún púpọ̀ ni àwọn kan fi ń gbálẹ̀ fún ọ̀gá kí wọ́n tó fi irin lé wọn lọ́wọ́. Bọ́tìnnì àti wáyà àlòkù ni wọ́n lè fi kọ́ ọwọ́ nílé.

Kí a tó kúrò lórí lẹ́ẹ̀dì, a ní ọ̀rọ̀ kan tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Májèlé ni òjé. Èéfín tí ẹ ń rí nígbà tí ẹ bá ń jó o, oje igi tó wà nínú lẹ́ẹ̀dì ló ń rú bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dí àyà ẹni tó ní ikọ́ fée, nítorí náà ìta tàbí ojú fèrèsé ni kí ẹ jókòó sí. Ṣùgbọ́n òjé fúnra rẹ̀, ọwọ́ ló ń bá dé ẹnu. A rí àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ń fi eyín di lẹ́ẹ̀dì mú nígbà tí ọwọ́ wọn méjèèjì bá kún. A rí àwọn tó jó o tán tí wọ́n bu ẹ̀bà jẹ. Ẹ má ṣe é. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, kí aboyún àti ọmọ kékeré má sì sún mọ́ ibẹ̀. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé máa ń bà jẹ́ jù, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà bí ó ti wà.

Ẹ̀yin ará Ẹgbẹ́dá, ẹ mọ Olódó. Ní Kúmápàyí nítòsí ibẹ̀, wọ́n da ìdàrọ́ òjé sílẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bátìrì mọ́tò. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn lọ wo erùpẹ̀ ibẹ̀ lẹ́yìn náà, òjé tí wọ́n bá nínú rẹ̀ pọ̀ kọjá ààlà. Ní Zamfara ní ọdún 2010, eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà pa ọmọdé tí ó kéré tán tó 400. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń tà ní ọjà ni kí ẹ rà. Ẹ má fọ́ bátìrì mọ́tò àtijọ́ lẹ́yìn ilé láti yọ́ òjé inú rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Bí ìjó bá parí, ẹ kò ní fi pátákó sí kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹni tó ní mítà, kí ó lò ó. Ẹni tí kò ní, kí ó mú gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kékeré àti bátìrì òkúta méjì, kí ó fi wáyà so wọ́n. Ẹ fi wáyà kan kan òpó, èkejì kan ẹsẹ̀ bọ́tìnnì tó yẹ kí ó wà lórí rẹ̀. Bí gílóòbù bá tàn, ojú ìjó yẹn mú. Ẹ tún fi kan òpó àti òpó tó tẹ̀ lé e, láìtẹ bọ́tìnnì kankan. Bí ó bá tàn níbẹ̀, wáyà méjì ti kan ara wọn níbì kan. Ẹ wá a rí.

Ọpọlọ kò mọ lẹ́tà kankan fúnra rẹ̀. A ní láti kọ́ ọ ní iṣẹ́. Àwọn kan ti kọ àwọn àṣẹ tí a lè fi sínú rẹ̀, QMK ni orúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ yín tó bá mọ kọ̀ǹpútà lò lè bá yín fi sí i. Inú àṣẹ yìí ni a ó ti sọ pé bọ́tìnnì báyìí ni ẹ, èyí ni ọ, èyí ni ṣ. A ó wá yan bọ́tìnnì kan fún àmì òkè àti ọ̀kan fún àmì ìsàlẹ̀. Bí a bá tẹ ọ, tí a sì tẹ àmì òkè tẹ̀ lé e, ọ́ ni yóò jáde. Àmì máa ń tẹ̀ lé lẹ́tà ni, ó sì máa ń lọ jókòó sí orí rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa tán lórí ìyẹn. A ti mú irin, lẹ́ẹ̀dì, kànìnkànìn àti ọṣẹ wá, wọ́n wà lórí tábìlì níwájú. Ẹni tó bá ní tọ́ọ̀ṣì tó ti dákẹ́ nínú àpò, kí ó gbé e wá, kí a tú ìdí rẹ̀ wò. Kí àwọn ìyá kọ́kọ́ bọ́ síwájú.